Fèrè Ìdágbére Àwọn Ọlọ́kọ̀ Omi

Ẹ má jókòó sórí pákó yẹn o, ó ti jẹrà. Ẹ sún síbí, kí oòrùn má pa yín. Mo máa ń rí yín níbí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ̀yin ọmọ Festac, tí ẹ bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ó máa ya fọ́tò létí omi bí ẹni pé omi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ ó kí mi pé, "Dádì, ẹ kúùrọ̀lẹ́ o," èmi náà á dá yín lóhùn, ó tán síbẹ̀. Òní ni ẹ wá ń bi mí pé kí ni arúgbó bí èmi ń wá nínú ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó báyìí. Ẹni tó bá bi arúgbó léèrè ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní sùúrù o. Kò sẹ́nìkan nínú ilé tí mo fẹ́ padà sí, nítorí náà n kò kánjú rárá.

Ìyàwó mi kò kú o, ẹ má fajú ro. Kánádà ló wà. Ọmọ wa obìnrin bímọ, ó ní kí ìyá òun wá bá òun wẹ ọmọ. Ó wẹ ti àkọ́kọ́, ó wẹ ìkejì, kó tó di pé ó ń palẹ̀ mọ́, ìkẹta ti dé. Inú fóònù la ti ń ṣe lọ́kọláya báyìí. Bí mo bá se ọbẹ̀, èmi náà ni mo máa ń kí ara mi kú iṣẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n ilé tó dákẹ́ a máa dun èèyàn, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi bò ó.

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Nígbà tí mo dé ibí, òórùn ọ̀dà ṣì wà lára àwọn ilé tí ẹ ń gbé wọ̀nyí. Ayẹyẹ ńlá tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ìlú yìí ló fà wá wá. Àwa là ń kó àwọn káfíńtà àti bíríkìlà kọjá omi. Àwọn àlejò wá, wọ́n jó, wọ́n lọ, wọ́n pín ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwa ọlọ́kọ̀ sì jókòó ti omi wa. Láti ibi tí ẹ dúró sí yìí títí dé Ìbẹ̀ṣẹ̀ ní òdìkejì omi, ọkọ̀ wa ni ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ẹ ó gbọ́ táńganran àwọn obìnrin ẹlẹ́ja tí wọ́n fi ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀, gbà-gbà-gbà, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń bú wa pé a pẹ́. Kò sí ẹni tó ń wojú kó tó mọ ẹni tó ń bọ̀. Ìró ẹ́ńjìnnì la fi ń dára wa mọ̀. Ti Lásísì ọ̀rẹ́ mi máa ń wúkọ́ kó tó gbéra, bí àgbàlagbà tó fa tábà jù. Bí mo bá wà nílé ìdáná tí mo gbọ́ ikọ́ yẹn, mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi ti jí, inú mi á sì balẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Ẹ fetí sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ni. Jẹnẹrétọ̀ ò lórúkọ.

Ẹ́ńjìnnì ìgbà náà, okùn la fi ń fà á kó tó dáhùn. Bátìrì tó wà nínú ọkọ̀, ti iná àti fèrè nìkan ni, kò sí ohun kan nínú ọkọ̀ tó ń dá iná padà sí i. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, a ó gbé e lé orí, ó di Mazamaza, lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń fún bátìrì níná. Omi inú bátìrì a sì máa jẹ aṣọ. Ẹ ò lè rí ọlọ́kọ̀ kan láyé ọjọ́un tí èjìká ẹ̀wù rẹ̀ ò lu. Àwọn ìyàwó wa á rán an títí, wọ́n á fi wá sílẹ̀. Nítorí pé iná ṣọ̀wọ́n, òfin kan wà tí wọ́n máa ń kọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí omi: bó o bá ti ń sún mọ́ èbúté, kọ́kọ́ pa bátìrì, kó o tó pa ẹ́ńjìnnì, kí fèrè rẹ lè rí nǹkan jẹ lọ́la. Bó o bá gbàgbé, wọ́n á kàn ọ́ ní ìkó lórí. Orí tèmi yìí jẹ ìkó tó pọ̀. Ó wọ̀ mí lára débi pé ọwọ́ mi ń ṣe é kí n tó ronú.

Ẹ óò bi mí pé kí la fẹ́ fi fèrè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Háà! Fèrè ni iyì wa. Bí ọlọ́kọ̀ kan bá dàgbà, tí agbára rẹ̀ ò ká omi mọ́, a kì í jẹ́ kó yọ́ lọ bí olè. Lọ́jọ́ tó bá máa kúrò lórí omi, kì í wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó sún mọ́ ọn jù ló máa gbé e. Àwa tó kù á tò tẹ̀ lé wọn, a ó tan gbogbo iná ọkọ̀ wa lọ́sàn-án gangan, títí a ó fi dé èbúté yìí. Bí a bá dé, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan péré, á fọn ọ́n kó gùn dáadáa, àgbà ló máa ń ṣáájú. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ títí fèrè ìkẹyìn á fi dákẹ́. Ìgbà náà ni bàbá tó ń lọ á fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní bó bá bojú wẹ̀yìn, omi á máa pè é lójú oorun. Fèrè ìdágbére la ń pè é. Ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ á sunkún lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní ọdún Iléyá kan, Lásísì ń kó àgbò bọ̀ láti apá Mazamaza, àgbò kún inú ọkọ̀ rẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀kan nínú wọn, oníwo rìgìdì kan báyìí, kan àpótí tí bọ́tìnì fèrè wà lára rẹ̀. Bọ́tìnì wọlé, kò jáde mọ́. Fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó dún láti àárín omi títí dé Ìbẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó ń tẹ́ ẹní síwájú ilé gbé ẹní sọ nù, wọ́n tú síta. "Ta ló ń lọ? Ta ló ń lọ?" Rúkáyátù, ìyàwó Lásísì, gbá gèlè mọ́lẹ̀, ó ń ké pé, "Ó fẹ́ kúrò lórí omi, kò sọ fún mi! Kí ni mo ṣe fún un?" Ọkọ̀ yọ, Lásísì dìde dúró nínú rẹ̀, òógùn bò ó, ó ń juwọ́: "Èmi kọ́ o! Àgbò ni! Àgbò ló ń dágbére o!" A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀. Bí a bá ti ń jẹ ẹran Iléyá lẹ́yìn ìgbà náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ pé, "Ẹ rọra jẹ ẹ́, ọlọ́kọ̀ tó fẹ̀yìn tì ni."

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. A fọn fèrè fún èyí, a fọn fún tọ̀hún. Àwọn kan ò tilẹ̀ dúró de fèrè, ikú ti gbé wọn lọ. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sí omi, wọ́n kọ́lé lé e. Àwọn ọkọ̀ èrò ńlá dé sí Mile 2, wọ́n ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, àwọn awakọ̀ wọn ò sì mọ orúkọ ara wọn. Mi ò bú wọn o. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí mo máa la ojú mi, ó ku èmi níhìn-ín, ó ku Lásísì ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, ojú tirẹ̀ sì ti fọ́. Ó ti ta ọkọ̀. Rúkáyátù ti kú.

Láìpẹ́ yìí ni fóònù mi dún. Sìdíkátù ọmọ Lásísì ló bá bàbá rẹ̀ pè mí. Bí Lásísì ṣe gba fóònù, kò tilẹ̀ kí mi.

"Sìdí fẹ́ gbé mi lọ sí Ṣàgámù, lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀," ó ní. "Ní Sátidé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló ń se oúnjẹ fún ọ níbẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀?"

"Mi ò sọ pé kò dáa. Mo ní mi ò ní bá ọkọ̀ èrò lọ, kí wọ́n kó mi bí apẹ̀rẹ̀ ẹja. Ìwọ ni kó o wá gbé mi. Kó o tan iná, kó o fọn fèrè fún mi."

"Lásísì, bátìrì ọkọ̀ mi ò gba iná."

"Tún un ṣe," ó ní, ó sì dá fóònù padà fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ń wò mí pé kí ló le nínú ìyẹn. Ó le o! A ti pa ẹ́ńjìnnì olókùn tì tipẹ́, ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo dísù ló wà nínú ọkọ̀ wa. Dísù yìí ní ọtanétọ̀, ẹ̀rọ kékeré tí bẹ́líìtì ń yí, òun ló ń bu iná sí bátìrì bí ọkọ̀ bá ti ń rìn. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ṣe là ń jó, a ní ẹrù bátìrì ti kúrò lórí wa. Ṣùgbọ́n ọtanétọ̀ tèmi kì í pẹ́. Bí mo bá fi tòkunbọ̀ kan sí i lónìí, ó lè má ríṣẹ́ ṣe mọ́ lọ́la. Ọkọ̀ mi sì ń jò, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀rọ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń fa omi dà síta, iná bátìrì ló ń mu. Bí bátìrì bá kú lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ yẹn á dákẹ́, omi á máa gun ẹsẹ̀ wa bọ̀. Ṣé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí n gbé afọ́jú sí? Bí mi ò bá sì lọ, Lásísì á kúrò lórí omi bí ẹja inú apẹ̀rẹ̀, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí omi á wá dà bí ohun tí ẹnìkan ò rí. Mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀.

Mo gba Mazamaza lọ, mo sì bú àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ níbẹ̀. Mo bú wọn! Mo ní pàǹtírí ni wọ́n ń kó fún mi. Ọ̀kan nínú wọn dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Èyí tí mo fún yín ṣiṣẹ́ níṣojú yín kó tó kúrò níbí. Ẹ lọ wo ọkọ̀ yín wò." Inú tún bí mi sí i. Mo mú ríwáyà, èyí tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, wá síbí. Ó tú ọtanétọ̀, ó wo inú rẹ̀, ó mi orí. "Bàbá, inú ẹ̀ ti jóná. Wáyà yín dáa. Bẹ́líìtì yín le dáadáa. Ohun tó ń jó o gan-an ni mi ò mọ̀." Aládùúgbò mi kan gbọ́, ó ní ẹ̀mí omi ni, kí n jẹ́ kí òun wá gbàdúrà sí ọkọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ẹ̀mí omi tí mo mọ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọtanétọ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán Alámísì, ó sú mi. Mo pe Lásísì, mo fẹ́ sọ fún un pé kó máa bá ọmọ rẹ̀ lọ. Mo kó gbogbo ẹjọ́ mi sílẹ̀ fún un: àwọn ará Mazamaza, ríwáyà, aládùúgbò mi. Ó gbọ́ ọ tán.

"Bó o bá ń bọ̀ létí omi," ó ní, "kí lo kọ́kọ́ ń pa?"

"Bátìrì ni. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Lẹ́yìn náà?"

"Ẹ́ńjìnnì."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé mo gbọ́ tí Sìdí ń bi í pé kí ló dé. "Èmi náà jó tèmi níná kí n tó gbọ́n," ó ní. "Ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí, ọtanétọ̀ ṣì ń bu iná, ìwọ sì ti sé bátìrì mọ́ ọn. Níbo lo fẹ́ kó da iná náà sí? Ara rẹ̀ ló ń dà á sí!"

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọwọ́ mi ni! Òfin ìgbà okùn, òun ni mo ń pa mọ́ títí di ìgbà dísù. Nítorí pé dísù kì í kú bí a bá sé bátìrì, mi ò fura rárá. Mo ti bú ọmọ ọlọ́mọ ní Mazamaza lásán. Ojú tì mí, mo wá fi ìbínú bo ojú títì.

"Kí ló wá dé tó ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"O ò bi mí," ó ní. "O kì í pè mí mọ́."

"Ìwọ náà ò pè mí."

"Èmi ò ríran tẹ fóònù, ọ̀rẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, mo ní kó máa retí mi ní Sátidé.

Lọ́jọ́ kejì mo padà sí Mazamaza, mo bẹ ọmọkùnrin náà, mo sì ra ọtanétọ̀ mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ríwáyà dè é, ó na bẹ́líìtì, mo fi omi gbígbóná fọ orí bátìrì, mo fi gíríìsì pa á. A ṣíná. Ríwáyà fi ẹ̀rọ ìdánwò rẹ̀ sí i, ó rẹ́rìn-ín sí mi: "Ó ń jẹun, Bàbá!" Mo wá ya aṣọ ìró ìyàwó mi kan tó ti gbó, mo fi di súìṣì bátìrì pa, mo ta á ní kókó líle, kí ọwọ́ mi má baà tún lọ ibẹ̀. Síbẹ̀ ọwọ́ náà gbìyànjú. Bí mo ṣe wà á yípo díẹ̀ tí mo ń padà bọ̀ létí omi, ọwọ́ ti nà lọ. Mo gbá a: "Ìwọ ọwọ́ yìí, fi í sílẹ̀!"

Láàárọ̀ Sátidé mo dá lọ. Koríko orí omi ti bo ojú ọ̀nà tí a máa ń gbà, ń ṣe ni mo ń fi ọ̀pá tì í sọ́tùn-ún sósì. Lásísì ti jókòó sétí omi dè mí, ó wọ aṣọ funfun, ó dé fìlà. Ó ti rù. Sìdíkátù kúnlẹ̀ kí mi, ó ń wo ẹ̀yìn mi bí ẹni tó ń wá nǹkan. Bí a ṣe gbé bàbá rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ tán, Lásísì bi mí:

"Àwa ọlọ́kọ̀ mélòó la wá?"

Irọ́ dé ẹnu mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò ríran? Mo lè pe orúkọ gbogbo wọn fún un. Ṣùgbọ́n àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́?

"Èmi nìkan ni, Lásísì."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹ́ńjìnnì kan ni mo gbọ́. Ṣé iná ń bẹ?"

"Ó ń bẹ."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó mi orí, a gbéra. Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ń fa omi dà síta, bátìrì ń gba iná. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, á ní, "A ti dé ibi àwọn oníyẹ̀pẹ̀ nìyẹn," á sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Èmi ń wò ó láti ẹ̀yìn, ó ń ṣe mí bíi pé kí ọ̀nà náà má tán.

Ìgbà tí a dé ibi yìí, mo dá ọkọ̀ dúró, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa dún, mo fọn fèrè mi. Ó gùn, ó dún dáadáa, kò gé lágbedeméjì. Nígbà tó dákẹ́, etí mi ń retí ìkejì. Mo mọ̀ pé kò sí, síbẹ̀ etí mi ń retí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà létí omi yọ ohun tó fi ń gbọ́ orin létí, ó wò wá, ó tún fi í padà.

Mo ní, "Lásísì, dìde, ó ti parí." Kò dìde.

"Gbé ọwọ́ mi lé fèrè náà."

Mo rò pé ó kàn fẹ́ fọwọ́ kàn án ni. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé bọ́tìnì. Ó tẹ̀ ẹ́, kò sì gbé ọwọ́. Tirẹ̀ gùn ju tèmi lọ. Mo ní, "Kí lò ń ṣe? A kì í fọn tara ẹni."

"Tèmi kọ́," ó ní. "Tìẹ ni. Bó bá kàn ọ́, ta ló kù tó máa fọn ọ́n? Mo fọn ọ́n sílẹ̀ fún ọ."

Ó fi ọwọ́ wá orí mi, ó rí i, ó kàn mí ní ìkó kan. Sìdíkátù dì í mú, ó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, wọ́n ń lọ. Afọ́jú ni, kí ló fẹ́ rí lẹ́yìn? Síbẹ̀ kò yí orí padà títí wọ́n fi wọ mọ́tò.

Ẹni tí wọ́n bá ti fọn fèrè fún gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yin náà ti gbọ́ òfin. Èmi jókòó sínú ọkọ̀, mo sunkún bí ọmọdé, ẹ́ńjìnnì ń dún lábẹ́ mi. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò kan ilẹ̀. Mo tú okùn, mo yí imú ọkọ̀ padà, mo tún gba ojú omi lọ, mi ò sì mọ ibi tí mo ń lọ. Ohun tí mo ń wá nínú ọkọ̀ tó gbó yìí nìyẹn: wọ́n ti fọn fèrè mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè kúrò lórí omi.